Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi Yorùbá wo Creed l'Ókè-Àdó, àti ọ̀rọ̀ ọmọ ta ni Adonis

Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri látọjọ́ Sátidé tá a parí apá kẹta Creed, fíìmù òyìnbó tó dá lórí àwọn akànṣẹ́, iṣẹ́ ni ò jẹ́ n ráyè jókòó kọ ọ́. Gbọ̀ngàn kan wà l'Ókè-Àdó n'Íbàdàn níbí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta táyà nísàlẹ̀, kò jìnnà sí sitẹ́díọ̀mù rárá. Tí bọ́ọ̀lù bá wà, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi hàn bíi ti gbogbo ilé ìwòran yòókù, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé wọ́n máa ń gbé fíìmù òyìnbó sójú ògiri, bọ̀dá kan á wá jókòó síwájú pẹ̀lú máìkì, gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ nínú fíìmù yẹn ni bọ̀dá yẹn á máa sọ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ rò, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá dé Òkè-Àdó tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ fíìmù, ọlọ́kadà á gbé e débẹ̀.

₦1,000 lẹ́nu ọ̀nà, ₦500 fáwọn àgbàlagbà. Fíìmù Creed mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi hàn lóṣù tó kọjá, Sátidé kan fíìmù kan, Màámi sì ní àwọn ò ní pa ìkankan jẹ.

Màámi fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ ju bọ́ọ̀lù lọ, ọjọ́ ti pẹ́. Ọmọ ọdún 12 ni wọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963 tí Dick Tiger bá Gene Fullmer jà ní Liberty Stadium, èyí tá a wá ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Stadium báyìí, ìjà àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà. Bàbá wọn ló mú wọn lọ. Wọ́n ní ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn nìkan làwọn rí, ariwo làwọn fi ń mọ̀ pé Tiger ń na òyìnbó, títí wọ́n fi parí ráùndì keje táwọn ará Fullmer ní ó tó, ọmọ àwọn ò jà mọ́. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé àná ni. Ẹ̀gbẹ́ sitẹ́díọ̀mù yẹn kan náà la wá jókòó sí lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí tá a ń wo ọmọ Apollo Creed.

Ọdún 1998 ni fíìmù àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní Los Angeles, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdé tó bá ṣẹ̀ sófin sí. Ọmọkùnrin kékeré kan ń jà, ó ń ja bí ẹni tí kò sí ohun míì tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé. Ìyá ẹ̀ ti kú, kò lẹ́nì kan, ilé alágbàtọ́ kan sí òmíì ni wọ́n ti ń gbé e kiri. Obìnrin kan tó múra dáadáa wá wọlé tọ̀ ọ́, Phylicia Rashad ni, àwọn tó bá mọ The Cosby Show á ti mọ ojú ẹ̀. Ó jókòó tì í, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọmọ náà lóun ò ní bàbá. Obìnrin yìí ní irọ́ ni, o ní bàbá. Ọmọ náà wá béèrè pé kí lorúkọ ẹ̀. Wọn ò dá a lóhùn o, orúkọ fíìmù ló hàn gàdàgbà lójú ògiri: CREED.

Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Èmi tí mo ti wò ó lórí fóònù tẹ́lẹ̀, omi ṣì bọ́ lójú mi.

Ẹni tí ò bá mọ àwọn fíìmù Rocky, ìtàn akànṣẹ́ tí Creed ti jáde wá, á rò pé ìyá ọmọ náà ni obìnrin yẹn, tàbí àǹtí ìyá ẹ̀. Rárá o. Mary Anne ni, ìyàwó Apollo nílé. Apollo fúnra ẹ̀, Carl Weathers ló ṣe é, ẹni tó kú ní oṣù kejì ọdún 2024, òun lakànṣẹ́ tó bá Rocky jà ní Rocky ọdún 1976 àti Rocky II ọdún 1979, tó wá di ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó sì kọ́ ọ níṣẹ́ ní Rocky III ọdún 1982. Ní Rocky IV, ọdún 1985, Ivan Drago ará Rọ́ṣíà lù ú pa nínú ríìnì l'Ámẹ́ríkà. Gbogbo ìgbà yẹn, obìnrin kan wà níta tó lóyún fún un. Bàbá kú, wọn ò tíì bí ọmọ. Ká ní ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti bí i, Babárímisá là bá máa pè é. Lọ́hùn-ún, Adonis ni wọ́n sọ ọ́, Johnson tí í ṣe orúkọ ìyá ẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí tó fi dàgbà.

Ibí yìí wá ni ẹjọ́ mi wà.

Nígbà tí Adonis fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, tó kó lọ sí Philadelphia lọ bá Rocky pé kó kọ́ òun lẹ́ṣẹ̀ẹ́, Johnson ló ń pe ara ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kò fẹ́ kẹ́nì kankan mọ ọmọ ẹni tóun jẹ́. Bọ̀dá tó ń túmọ̀ wá fẹ́ ṣàlàyé fún wa, ó ní "ọmọ àlè Apollo ni ọmọ yìí, ṣé ẹ rí i, ọmọ àlè ní ń fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀." Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan jókòó níwájú mi, kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó ti ń jẹ gúgúrú bọ̀ látìgbà tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ ẹ́ mọ́. Ó di ọ̀rá ẹ̀ ní kókó, ó gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, mi ò bi í ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí.

Màámi dìde. Wọ́n ní "ọmọ mi, dá nǹkan yẹn dúró ná." Bọ̀dá yẹn kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ lọ tọ̀ ni, ó fẹ́ fi iná fóònù tàn wọ́n. Wọ́n ní rárá, dá a dúró. Ó dá a dúró. Wọ́n wá bi í pé àlè ta ni? Wọ́n ní ọmọ àlè lọmọ tí obìnrin gbé oyún ẹ̀ látìta wọ ilé ọkọ, tó wá ń pe ẹni tí kì í ṣe bàbá ẹ̀ ní bàbá. Èyí tá à ń wò yìí, bàbá ẹ̀ ni bàbá ẹ̀, ìyàwó bàbá ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló wá a rí tó fà á lọ́wọ́ wálé. Àlè wá dà níbẹ̀? Ọmọ ilé nìyẹn. Wọ́n ní òwe tó o pa yẹn náà, ọwọ́ òsì wo? Ọmọ náà ò tíì na ọwọ́ kankan, ẹ̀rù ló ń bà á pé tóun bá nà án, wọ́n á ní ilé bàbá òun kọ́.

Wọ́n jókòó. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi ká mi lára. Màámi kọ́ ló bí mi. Ìyàwó bàbá mi ni wọ́n. Ìta ni bàbá mi ti bí mi, ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Màámi ló wá bá mi nílé ìyá àgbà ní Ìwó, wọ́n pọ̀n mí, wọ́n gbé mi wọ mọ́tò wá sí Bẹẹrẹ, látọjọ́ náà mi ò gbọ́ "ọmọ ìyàwó ta ni" lẹ́nu wọn rí. Ìta ni mo ti gbọ́ ọ. Níléèwé ni mo ti gbọ́ ọmọ àlè, lẹ́nu ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, bí bọ̀dá oní-máìkì náà ò ṣe mọ̀ ọ́n. Torí náà tí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ fi èdè mi sọ ìtàn fún mi, ó yẹ kó mọ èdè náà débi tó máa fi mọ èyí tó ń pa èèyàn. Kódà òfin ilẹ̀ yìí, ìwé òfin ọdún 1999, ìpín 42, ó wà níbẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí ọmọ kan kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹ̀ dù ú. Àwọn baba wa náà ò jẹ́ kọ ọmọ tí bàbá ẹ̀ bá ti gbà pé òun lòun bí i, ọmọ ìta ni wọ́n ń pè é títí tó fi máa wọlé, tó bá ti wọlé, ọmọ ni.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ n yin wọ́n, torí ó tọ́ sí wọn. Nígbà tí fíìmù parí, bàbá tó ni gbọ̀ngàn fúnra wọn gòkè wá bá Màámi pẹ̀lú mọ́ọ̀tì tútù kan, wọ́n kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, wọ́n ní "Mà, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún un dáadáa, iṣẹ́ ẹ̀ ni, ó fẹ́ mọ̀ ọ́n." Bọ̀dá yẹn dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń kọ ọ́ sínú fóònù ẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó tan apá kejì, ó dìde lójú gbogbo wa, ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní "ọmọ tí Apollo bí síta, tí Mary Anne mú wálé" ni Adonis, bẹ́ẹ̀ ló sì ń pè é títí dé òpin. Mo wo iwájú bóyá màá rí ọmọkùnrin yẹn, kò wá lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Bọ̀dá yìí mọṣẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń ki Apollo nínú ríìnì, kò sọ wọ́n bí ẹni ń ka ìwé, ó kì í bí oríkì ni, Ọ̀gá Àjálù, Ọba Ata-bí-agbọ́n, Oníjó-tí-ń-fọ́-ilé, àwọn bàbá tó wà lẹ́yìn ń dáhùn! Adonis máa ń pe Rocky ní ohun kan bí "ọ̀ńkù", bọ̀dá yìí ò sọ ọ̀ńkù, "Bàbá" ló ń fi sẹ́nu ẹ̀, torí ọ̀rẹ́ bàbá ẹni bàbá ẹni ni. Tí ọmọ náà bá sì ń bá Mary Anne sọ̀rọ̀, "ẹ" ló ń lò, kò fìgbà kan sọ "o". Èyí ló jẹ́ kí inú bí mi sí i lórí ọ̀rọ̀ àlè yẹn, ẹni tí etí ẹ̀ mú tó báyìí.

Ibì kan wà tó jẹ́ pé òun ló mú mi gbàgbé ẹjọ́ mi. Adonis wà nínú yàrá, ó gbé ìjà àtijọ́ tí bàbá ẹ̀ bá Rocky jà sójú ògiri láti orí YouTube, ó dìde síwájú ẹ̀ ó ń bá wọn jà. Ẹ wo ẹni tó ń bá jà dáadáa. Ipò Rocky ló dúró sí, bàbá ẹ̀ ló ń lù. Bọ̀dá ò sọ nǹkan kan níbẹ̀, ó gbé máìkì sílẹ̀, ó jẹ́ ká wò ó. Ọmọ tí kò rí bàbá ẹ̀ rí, ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló fi lè sún mọ́ ọn. Mo kà á níbì kan pé bàbá Ryan Coogler tó darí fíìmù yẹn ló máa ń bá a wo Rocky láti kékeré, ìgbà tí àìsàn wá dé bá bàbá yẹn ni ìtàn yìí sọ sí i lọ́kàn, ó sì hàn, ẹni tí kò ní bàbá lọ́kàn ò lè ya irú ibi yẹn.

Mary Anne kọ́kọ́ kọ̀ o, kò fẹ́ ẹ̀ṣẹ́ rárá. Ó ní òun lòun ń gbé Apollo gun àtẹ̀gùn tí kò bá lè rìn mọ́ lẹ́yìn ìjà, òun lòun ń nù ún nídìí. Àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn ní "ẹ ò rí i!" Nígbà tó wá di pé wọ́n ní kó lọ bá Ricky Conlan jà ní Liverpool, ní pápá Goodison Park, àwọn tó ni Conlan ní àwọn ò ní gbà àfi tó bá jẹ́ Creed, wọ́n fẹ́ fi orúkọ yẹn pawó. Ọmọ tó ti ń sá fún orúkọ náà. Mary Anne wá fi ṣòkòtò péńpé ránṣẹ́ sí i, irú àwọ̀ tí Apollo máa ń wọ̀, Johnson wà lára ẹ̀, Creed wà lára ẹ̀. Màámi ní "ó ti sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ìyá tó bí i ò kúrò, orúkọ bàbá wọlé, ìyàwó bàbá ló kọ méjèèjì papọ̀ síbi kan.

Kó tó di ráùndì ìkẹyìn, ojú Adonis ti wú pa, Rocky fẹ́ dá ìjà dúró, ọmọ náà ní ó di dandan kóun parí ẹ̀. Bọ̀dá túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ pé "ẹ jẹ́ n fi hàn wọ́n pé àṣìṣe kọ́ ni wọ́n fi bí mi." Màámi di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi kéde pé Conlan ló borí. Ọmọ wa pàdánù, gbọ̀ngàn ṣì pàtẹ́wọ́ fún un.

Apá kejì, ti ọdún 2018, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ọmọ Drago tó pa bàbá ẹ̀ ló ń bá jà, Viktor, òun náà ní tiẹ̀, ìyá ẹ̀ ti fi òun àti bàbá ẹ̀ sílẹ̀ látìgbà tí bàbá ti pàdánù lọ́wọ́ Rocky. Ìjà ìkẹyìn wà ní Moscow. Iná lọ bí ó ṣe kù díẹ̀ kó parí, jẹnẹrétọ̀ ò tètè gbà, ogún ìṣẹ́jú gbáko la fi jókòó sínú ooru, ẹ mú abẹ̀bẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná dé tí Ivan Drago ju táwẹ̀lì sínú ríìnì torí kí wọ́n má bàa pa ọmọ ẹ̀, táwẹ̀lì tí Rocky ò jù fún Apollo ní 1985, àwọn bàbá tó ti ń bú Drago bọ̀ látàárọ̀ dákẹ́. Adonis lọ sí ibojì bàbá ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, òun, ìyàwó ẹ̀ Bianca, àti ọmọ wọn Amara. Etí Bianca ń dí díẹ̀díẹ̀, Amara ò gbọ́ràn látìgbà tí wọ́n ti bí i.

Wọ́n gbé ìró orin sókè jù lọ́jọ́ yẹn, ohùn bọ̀dá ò jáde dáadáa láàárín ìjà. Wọ́n tún un ṣe nígbà tó máa fi di apá kẹta.

Apá kẹta yẹn, 2023, Michael B. Jordan tó ń ṣe Adonis ló darí ẹ̀ fúnra ẹ̀. Amara ti dàgbà, ọmọ tó ṣe é, Mila Davis-Kent, òun náà kì í gbọ́ràn lóòótọ́, ọwọ́ ni gbogbo ilé fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ní òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, ẹni tí kò lè kàwé ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bọ̀dá wa rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti ọmọdé fún Amara, ó ń sọ ọ́ bí ọwọ́ ọmọ náà ṣe ń lọ, kò sáré jù ú, kò sì lọ́ra. Fún ìyẹn nìkan, ₦1,000 ò pọ̀ jù.

Ẹni tó wá bá Adonis jà níbẹ̀ ni Damian, ọ̀rẹ́ ẹ̀ látinú ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ò ní òbí sí, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n fún ọdún 18. Ó wá hàn pé ó ń kọ lẹ́tà sí Adonis látinú ẹ̀wọ̀n, Mary Anne ló kó gbogbo ẹ̀ pamọ́, kò jẹ́ kí ọmọ rí ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ní kò dáa, ọmọ ti dàgbà, lẹ́tà ẹ̀ ni. Màámi ní ó dáa. Wọ́n ní ẹni tó lọ mú ọmọ kúrò nínú iná, ẹ ò lè ní kó ṣí ilẹ̀kùn fún èéfín. Èmi ò gbà pẹ̀lú Màámi, mo sì sọ ọ́ fún wọn nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń lọ sílé. Lójú tèmi, Mary Anne bẹ̀rù pé tí ọmọ náà bá rántí ibi tó ti wá púpọ̀ jù, kò ní jẹ́ tòun mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti jẹ́ tiẹ̀ látọjọ́ tó ti béèrè orúkọ bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Màámi dákẹ́ títí a fi kọjá Mọ̀lété. Wọ́n wá ní "ṣé ìwọ náà bínú sí mi lórí nǹkan kan ni?" Mo ní rárá, Mà. Wọ́n ní ó dáa, kí n ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin tó wà ní kọ́nà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ débẹ̀ kó tó di aago kan ààbọ̀, ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì nìkan ni àga ẹlẹ́yìn wà, bẹ́ǹṣì ni ìyókù, ẹ̀yìn á dun àgbàlagbà. Gúgúrú àti ẹ̀pà wà, sóbò wọn dáa, ẹ má ra mítípáì. Àtẹ̀gùn yẹn ga, kò sì ní ibi tá a lè dì mú, mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní àwọn máa ṣe é. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ Rocky látorí ti 1976, bọ̀dá oní-máìkì ti pe Màámi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè bí wọ́n ṣe ń pe oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ́ láyé ọjọ́ Dick Tiger, Màámi sì ti ní kí n bá àwọn sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àga àárín ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀, àwọn ò san ₦500 mọ́, àwọn máa san ₦1,000 bíi tàwọn yòókù.